Màmá aláàdìrẹ, ẹ má jẹ́ kí ìsinmi erékùṣù yín parí sí Sal

Ìbéèrè náà nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: “Mo ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún sì ń yọ mí lẹ́nu. Ọmọ mi obìnrin wà ní Manchester pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ méjì, ọ̀kan jẹ́ ọdún 8, èkejì ọdún 12. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tọrọ físà UK tí wọn ò fún mi. Ọmọ mi wá ní ká pàdé ní erékùṣù Sal, ní Cabo Verde, nígbà ìsinmi Àjíǹde nínú oṣù kẹrin. Ó ti rí òtẹ́ẹ̀lì kan tí a ó ti máa jẹ, tí a ó ti máa mu, fún òru 10. Ṣùgbọ́n kí ni n ó máa ṣe níbẹ̀? Oòrùn tí mo ń sá fún ní Ìtòkú, ṣé n ó wá gbé owó lọ bá a láàárín òkun ni?”

Màmá, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfojúsọ́nà àwọn ọmọ-ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn dáhùn. Oòrùn Sal kì í ṣe oòrùn Ìtòkú. Nínú oṣù kẹrin, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, tí ooru sì ń mú ni bí ẹni jókòó ti ààrò, ooru ti Cabo Verde kì í sábà ju ìwọ̀n 25 lọ ní Celsius. Bó bá di alẹ́, á lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 20. Òjò ò sí. Oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá ni wọ́n ń retí òjò tiwọn, díẹ̀ náà ló sì máa ń jẹ́. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́. Ó ń ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ wá láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, kì í sì í fẹ́ dákẹ́. Nítorí náà, ìborùn tó nípọn ni kí ẹ gbé. Ẹ wá fi fìlà abetí-gbòòrò kan kún un, torí pé afẹ́fẹ́ yẹn kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ìgbà tí oòrùn ń jó òun lára. Manchester ni wọ́n ti ń pe àkókò náà ní ìgbà ìrúwé. Ní Sal, ilẹ̀ gbalasa ni, yanrìn àti òkúta, ewé tó ń rú níbẹ̀ kò tó nǹkan.

Físà kò ní dà yín láàmú rárá. Cabo Verde wà nínú ECOWAS, ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí ní 1979 sì fún ọmọ Naijíríà láyè láti wọ ibẹ̀ láìní físà fún ọjọ́ 90. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọlọgbọ́n ọmọ ni ọmọ yín. Ó wá ilẹ̀ tí ìyá àti ọmọ lè jọ fẹsẹ̀ tẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́nà rẹ̀ ni òru 10 ní Sal. Sal dára fún àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n erékùṣù 10 ni Cabo Verde ní, 9 ni èèyàn ń gbé, èyí tó máa bá ẹ̀yin sọ̀rọ̀ nínú wọn ni Santiago. Ẹ fi òru 6 sí Sal, kí ẹ fi 4 sí Santiago. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ta ìrìn-àjò láti ìlú òyìnbó kì í sábà dárúkọ Santiago, torí pé òtẹ́ẹ̀lì etíkun ni wọ́n ń tà. Aṣọ ni mo fi ń dárúkọ rẹ̀ fún yín.

Bí àwọn Potogí ṣe tẹ̀dó sí Santiago láàárín ọdún 1460 sí 1470, wọ́n gbin òwú síbẹ̀ àti sí erékùṣù Fogo, wọ́n sì wá aró. Igi tí wọ́n ń lò kì í ṣe irú èlú tí ẹ mọ̀, èlú tiwọn kéré, ó jọ igbó lásán, ṣùgbọ́n aró dúdú-búlúù kan náà ló ń fún ni. Wọ́n kó àwọn ahunṣọ wá láti etíkun Guinea gẹ́gẹ́ bí ẹrú, pẹ̀lú irú òfì tí wọ́n mọ̀ nílé wọn, òfì tó ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aṣọ òkè wa. Wọ́n ń gán aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ 6 pọ̀ di odidi kan. “Panu” ni wọ́n ń pè é títí di òní. Funfun àti aró ló kún inú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀ sì dí débi pé ẹni tí kò mọ aṣọ lè rò pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni.

Ibi tó ń dùn mí jù nínú ìtàn náà nìyí, Màmá. Panu yẹn di owó. Ní etíkun Guinea, òun ni àwọn oníṣòwò ń kà sílẹ̀ bí ẹni ka owó ẹyọ, òun sì ni wọ́n fi ń ra ẹrú mìíràn. Ẹrú hun aṣọ, aṣọ ra ẹrú. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí panu àtijọ́ kan, mo dúró tì í pẹ́. Mo ti gbé Abẹ́òkúta dàgbà, mo ti rí aró lọ́wọ́ àwọn ìyá wa látìgbà tí mo ti gbọ́n, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé aró lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Àwọn ahunṣọ tó mọ̀ ọ́n hun kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà ní Santiago. Ẹ máa rí panu ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Plateau, òkè pẹrẹsẹ tí àtijọ́ Praia, olú-ìlú tó wà ní Santiago, wà lórí rẹ̀. Kò tóbi, ẹ kò ní rin ìrìn tó máa dá orúnkún lóró. Ẹ máa tún rí i nídìí àwọn obìnrin tó ń jó batuku. Wọ́n á jókòó yíká, wọ́n á ká aṣọ di òṣùṣù, wọ́n á fi sáàárín itan, wọ́n á sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú bí ìlù. Ọ̀kan á dìde, á so panu mọ́ ìbàdí, ìbàdí yẹn nìkan ni yóò sì máa jó. Ìgbà kan wà tí ìjọba Potogí àti ìjọ Àgùdà fẹ́ pa ijó náà rẹ́. Ìlù gidi ò sí, wọ́n fi aṣọ ṣe ìlù. Ẹ sọ fún àwọn tó bá gbà yín lálejò ní Praia pé kí wọ́n bá yín wádìí ibi tí wọ́n ti ń ṣeré rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Bí ẹ bá rí i, ẹ máa mọ̀ pé owó ọkọ̀ òfurufú kò ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ Sal ná, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ máa kọ́kọ́ balẹ̀ sí.

Sal kò tóbi. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 30. Santa Maria, tó wà ní gúúsù, ni òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí jù. Láàárọ̀, ẹ má jókòó ti omi òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ rọra rìn lọ sí afárá onípákó tó wọ inú òkun. Ibẹ̀ ni àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí, tí wọ́n ń ju ẹja tùnà àti oríṣiríṣi ẹja ńlá sórí pákó, tí àwọn obìnrin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n, tí wọ́n á máa gé wọn, tí wọ́n á máa nájà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń nájà láti kékeré, ẹ kò nílò èdè kankan láti mọ ẹni tó fẹ́ rà àti ẹni tó kàn ń dúnàá-dúrà. Èmi gbádùn afárá yẹn ju gbogbo ohun tí wọ́n ń gba owó lé lórí ní Santa Maria.

Ẹ kò gbọdọ̀ fo Pedra de Lume. Sal, orúkọ erékùṣù náà, iyọ̀ ló túmọ̀ sí lédè Potogí, ibẹ̀ sì ni iyọ̀ náà wà: inú kòtò òkè ayọnáyèéfín kan tó ti kú látìgbà pípẹ́. Omi òkun ń jò wọ inú kòtò náà láti abẹ́ ilẹ̀, oòrùn á gbẹ ẹ́, iyọ̀ á ṣẹ́kù. Ní 1804 ni wọ́n gbẹ́ ihò kan gba inú ògiri òkè náà já kí wọ́n lè máa kó iyọ̀ jáde, ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi gba ihò yẹn wọlé, kò sì gùn. Brazil ni iyọ̀ púpọ̀ ń lọ nígbà náà. Lónìí, àlejò ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Iyọ̀ inú omi yẹn pọ̀ ju ti òkun lọ gan-an, débi pé bí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ kò ní rì, kódà ẹni tí kò mọ odò wẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín pé yóò wo làkúrègbé sàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ara á fúyẹ́, orúnkún kò ní gbé ẹrù kankan fún ogún ìṣẹ́jú, ìyẹn nìkan sì tó ìsinmi. Ẹ má fá irun ẹsẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tó ní egbò wọ̀ ọ́, omi náà á ta á bí ata. Kí ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fi ọwọ́ nu ojú. Omi ìṣanra wà níbẹ̀, ẹ mú owó díẹ̀ dání fún un.

Àwọn ọmọ á fẹ́ rí àwọn ọmọ ẹja ṣáàkì ní etíkun ìlà-oòrùn, níbi tí omi ti mọ sí orúnkún. Irú ṣáàkì tí wọ́n ń rí níbẹ̀ kì í sábà wá èèyàn níjà. Ẹ jẹ́ kí bàbá wọn kó wọn lọ pẹ̀lú amọ̀nà, pẹ̀lú bàtà rọ́bà, torí òkúta ló wà nísàlẹ̀. Ẹ̀yin jókòó sínú mọ́tò. Buracona náà wà, ihò kan nínú òkúta tí oòrùn ọ̀sán ń tàn sí tí omi inú rẹ̀ á fi mọ́lẹ̀ rokoṣo ní àwọ̀ búlúù. Ó dára fún fọ́tò, kò gba àkókò. Bí ọmọ ọdún 12 náà bá fẹ́ eré ìje, ẹ mú un lọ wo àwọn tó ń fi kááìtì sáré lórí omi ní etíkun ìlà-oòrùn kan náà. Ọmọ Sal ni Mitu Monteiro tó gba ipò kìíní lágbàáyé nínú eré náà ní 2008. Nínú oṣù kẹrin, afẹ́fẹ́ ṣì lágbára dáadáa fún un.

Ọ̀rọ̀ òkun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Òun ni mo fẹ́ kí ẹ mú le. Ọmọ tó mọ odò wẹ̀ nínú omi inú ilé ní Manchester kò tíì mọ ìgbì. Ibi tí wọ́n bá ta àsíá pupa sí, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ pé omi náà dákẹ́ lójú yín. Etíkun Santa Maria rọ̀ ju ti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn lọ, ibẹ̀ ni kí wọ́n máa wẹ̀, lójú àgbà.

Mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ àbùùbùtán láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni àkókò rẹ̀, ìyẹn ni pé àkókò ìsinmi àwọn ọmọ yín bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Àbùùbùtán abuké ni, gígùn rẹ̀ lè tó mítà 15, ìwọ̀n rẹ̀ lè tó tọ́ọ̀nù 30. Òkun tútù lápá Iceland àti Norway ni wọ́n ti ń jẹun, wọ́n á wá wẹ̀ láti ibẹ̀ wá sí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ Cabo Verde láti wá bímọ àti láti wá gùn. Akọ ni ń kọrin, abo ni ń tọ́ ọmọ. Boa Vista, erékùṣù tó wà ní gúúsù Sal, ni wọ́n ti ń rí wọn jù, ọjọ́ kan pere sì ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀ láti Sal. Àwọn ọkọ̀ kan ń ti Sal fúnra rẹ̀ wá wọn, ṣùgbọ́n èmi á náwó ti Boa Vista.

Ọkọ̀ tó fẹ̀, tó dà bí ọkọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀, ni kí ẹ wọ̀. Ẹ má bá wọn wọ èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tó ń fò lórí ìgbì. Ìdí àti orúnkún àgbà kò gba ìyẹn. Ẹ jókòó sí ẹ̀yìn, láàárín, ibẹ̀ ni kò ti ní jù yín sókè-sódò. Oúnjẹ díẹ̀ láàárọ̀, ata ilẹ̀ lẹ́nu fún èébì. Bí olùtukọ̀ bá sọ pé òun ò ní sáré tẹ̀ lé ìyá tó ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ń lé wọn kiri ni kí ẹ má san owó fún. Mo ti rí ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ rí, ọmọ náà gbé orí lé ẹ̀yìn ìyá, ìyá rọra gbé e sókè kó lè mí. Gbogbo àwa tó wà nínú ọkọ̀, ariwo tí a ti ń pa látàárọ̀, ẹnu wa pa dé.

Ìjàpá òkun ni ẹ kò ní rí. Oṣù kẹfà sí ìkẹwàá ni wọ́n ń gòkè wá yé ẹyin, ẹ sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú kí wọ́n má bàa retí asán. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Fogo tàn yín. Òkè ayọnáyèéfín rẹ̀ ga tó mítà 2,829, ní oṣù kọkànlá 2014 ló yọ iná kẹ́yìn, iná náà sì jẹ abúlé tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ padà sórí òkúta gbígbóná wọn, wọ́n tún kọ́lé. Èmi tó ti abẹ́ Olúmọ wá mọ ìdí tí èèyàn kì í fi fi òkúta rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gba ọjọ́ 2 ó kéré tán, ó gba orúnkún. Ẹ jẹ́ kó di ìgbà mìíràn.

Ó yá, Santiago.

Praia ni olú-ìlú, ó sì jọ ìlú tiwa ju Sal lọ, ariwo wà, ọjà wà, ọmọ ilé-ìwé ń kún ojú ọ̀nà. Ẹ lọ sí Sucupira, ọjà ńlá ìsàlẹ̀. Aṣọ òkìríkà pọ̀ níbẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù wá nínú àgbá ńlá tí àwọn ọmọ wọn ń kó ránṣẹ́ sílé. Wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ pé àwọn tó wà lókè òkun pọ̀ ju àwọn tó wà nílé lọ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Lisbon tàbí Boston á jókòó tì yín nínú ọjà yẹn, ẹ̀yin méjèèjì á sì mọ ohun kan náà láìsọ ọ́. Orin morna tiwọn, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àṣà àgbáyé ní 2019, orin àárò ni.

Aṣọ tí wọ́n ń tà fún àlejò ní Santa Maria ní Sal, ẹ fi ojú aláàdìrẹ wò ó. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ erékùṣù náà. Ẹ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ mi bí a ṣe ń mọ èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹ fi owó panu pa mọ́ de Santiago.

Cidade Velha wà ní nǹkan bí kìlómítà 15 sí Praia, ẹ lè fi takisí lọ. 1462 ni wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀, òun sì ni ìlú àkọ́kọ́ tí àwọn òyìnbó tẹ̀dó ní ilẹ̀ olóoru káàkiri àgbáyé. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá ní 2009. Ilé kéékèèké ni, ọ̀pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá odò tó sábà máa ń gbẹ, ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1495, òkun sì wà níwájú. Ní gbàgede, òpó òkúta kan wà tí wọ́n fín. Ibẹ̀ ni wọ́n ń so ẹrú mọ́ tí wọ́n fi ń nà án ní gbangba. Àwọn tí wọ́n kó gba ibẹ̀ kọjá kì í ṣe ọmọ Yorùbá ní púpọ̀. Láti ilẹ̀ tó wà láàárín Senegal àti Guinea ni wọ́n ti kó wọn, wọ́n á rì wọ́n bọmi, wọ́n á kọ́ wọn ní Potogí díẹ̀ kí iye wọn lè gòkè, wọ́n á sì tà wọ́n sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá ni wá. Ogun tó fọ́ àwọn ìlú wa ká ló kó wa jọ sábẹ́ Olúmọ ní 1830, àwọn Sàró tó padà wá bá wa láti Sierra Leone sì jẹ́ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú. Ọmọ-ọmọ yín méjèèjì yẹn, tí wọ́n ń dàgbà ní Manchester, èèyàn kan ní láti dúró tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn kó sọ ìyẹn fún wọn lédè Yorùbá. Ẹ̀yin ló yẹ.

Ilé odi wà lókè ìlú náà, wọ́n kọ́ ọ lẹ́yìn tí Francis Drake, ajalèlókun ará England, kó ìlú náà ní 1585. Mọ́tò ń dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ fẹsẹ̀ gùn ún. Orí rẹ̀ ni ẹ ti máa rí ìlú náà tán.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ háyà mọ́tò kan pẹ̀lú awakọ̀ fún odidi ọjọ́, kí ẹ gba òkè lọ sí àríwá. Ọkọ̀ èrò wọn, Hiace, dà bí fáràgọ́n tiwa, kò ní gbéra àfi tó bá kún, ẹsẹ̀ yín kò sì ní rí ibi nà sí. Bó bá jẹ́ Ọjọ́rú tàbí Sátidé, ọjà Assomada ń ná, ọjà gidi láàárín òkè: èso, ewúrẹ́, ìkòkò amọ̀. Tarrafal ni òpin ọ̀nà, kìlómítà bíi 70 sí Praia. Etíkun yanrìn funfun wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ lẹ́nu, ibẹ̀ ni ọmọ kékeré á ti rí omi jẹ́jẹ́ wẹ̀. Ní ìtòsí rẹ̀ ni ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ìjọba Salazar, tó ń ṣàkóso Portugal nígbà náà, ṣí ní 1936. Àwọn Potogí tó ta kò ó ni wọ́n kọ́kọ́ kó síbẹ̀. Láti 1961, àwọn ọmọ Angola, Guinea-Bissau àti Cabo Verde tó ń jà fún òmìnira ni. Yàrá kọnkéré kan wà níbẹ̀ nígbà náà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n sọ ní “agbada ìdín-ǹkan” nítorí ooru rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1974 ni wọ́n tú àwọn tó kù sílẹ̀. Ẹ mú ọmọ ọdún 12 wọlé. Ti ọdún 8, kó dúró sí etíkun pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Oúnjẹ kò ní pọ́n yín lójú. Cachupa ni olórí oúnjẹ wọn, àgbàdo bíi ti ègbo wa, wọ́n sè é pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, ọ̀dùnkún, ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú ẹja tàbí ẹran. Èyí tó bá ṣẹ́kù lálẹ́, wọ́n á dín in láàárọ̀ pẹ̀lú ẹyin. Mo fẹ́ràn ti àárọ̀ ju ti alẹ́ lọ. Kò ta, ẹ gbé ata gígún yín dání. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà á tì, Àgùdà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ ra ohun tí ẹ nílò lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Nípa ètò ọ̀nà. Láti Eko, ẹ máa pààrọ̀ bàálù, ní Dakar tàbí Casablanca lọ́pọ̀ ìgbà, Praia ló sì máa ń sábà gbé yín sọ̀ kalẹ̀ sí, kì í ṣe Sal. Àwọn ọmọ yín ní tiwọn, Sal ni bàálù wọn láti UK máa balẹ̀ sí. Ẹ sùn mọ́jú ní Praia, kí ẹ wọ bàálù kékeré lọ bá wọn ní Sal lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn òru 6, gbogbo yín á jọ lọ sí Santiago. Nígbà tó bá tán, ẹ̀yin á gbéra láti Praia lọ sílé, àwọn á padà sí Sal. Kí àwọn sì padà ní ọjọ́ kan ó kéré tán ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sí Manchester. Mo ti ṣètò bàálù láàárín erékùṣù rí fún ìdílé kan ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ padà sílé. Ilé iṣẹ́ náà sún àkókò síwájú láìsọ fún wa, ìdílé náà pàdánù bàálù ńlá, wọ́n sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Láti Abẹ́òkúta, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Laderin, kí ẹ sọ̀ ní Agége, kí ẹ fi takisí dé Ìkẹjà. Ó dára fún orúnkún ju kí ẹ jókòó nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lọ. Ìwé ìrìnnà yín gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù 6 lórí. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ìbà pọ́njú, kí kádì rẹ̀ sì pé ọjọ́ 10 ó kéré tán kí ẹ tó gbéra. Ẹ tẹ ìwé òtẹ́ẹ̀lì, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà, àti lẹ́tà ọmọ yín jáde lórí bébà, kí ẹ kó wọn sínú àpò ọwọ́. Àìní físà kò túmọ̀ sí pé wọn ò ní béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín. Mo mọ ìyá kan tó jókòó fún wákàtí 3 nítorí pé inú fóònù tó ti kú ni gbogbo ìwé rẹ̀ wà. Bó bá jẹ́ páásípọ́ọ̀tù UK ni àwọn ọmọ yín ń lò, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì EASE ti ìjọba Cabo Verde, ọjọ́ 5 ṣáájú, kí wọ́n sì san owó ààbò pápákọ̀ òfurufú níbẹ̀.

Ẹ mú euro lọ. Náírà kò ní ṣe yín láǹfààní níbẹ̀. Escudo ni owó wọn, wọ́n ti so ó mọ́ euro, euro 1 jẹ́ escudo 110 àti díẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi pàṣípààrọ̀ rẹ́ yín jẹ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Omi inú ìgò ni kí ẹ máa mu. Bí wọ́n bá kí yín “Tudu dretu?”, ẹ dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀ náà, “Tudu dretu.”

Mo mọ̀ pé ọkàn yín ti ń ronú láti di ìdì àdìrẹ kan dání lọ tà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tó ń lọ ṣe ìsinmi tí wọ́n bá ogún aṣọ nínú àpótí rẹ̀ á di oníṣòwò lójú àwọn aṣọ́bodè, wọ́n á sì bi í ní owó orí. Ẹ mú ẹlẹ́kọ kan ṣoṣo lọ, èyí tí ẹ fi èlú gidi rẹ, èyí tí òórùn aró ṣì wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí ahunṣọ panu kan ní Santiago, ẹ fi lé e lọ́wọ́ kó gbé e símú.

Ẹ pe ọmọ yín lónìí kó tó san owó òtẹ́ẹ̀lì náà. Kó bi wọ́n bóyá wọ́n lè dín òru 10 kù sí 6, àti bóyá yàrá tí wọ́n máa fún yín wà nísàlẹ̀, láìgun àkàsọ̀.